Bí Fọ́tò Méjì Ṣe Ń Di Ọ̀kan

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ ilé wa ní Ayétòrò-Èkìtì tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wò láìrí i. Ọmọbìnrin méjì ló jókòó sórí àpótí, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn wọn, ọwọ́ wọn wà lórí eékún, wọ́n sì tẹjú mọ́ ẹni tó ń wò wọ́n. Ọdún tí a fẹ́ kun ilé, tí mo gbé fọ́tò náà sọ̀kalẹ̀, ni mo tó rí i pé ilà funfun tín-ín-rín kan gba àárín wọn kọjá láti òkè délẹ̀. Níbi tí ilà náà wà, ẹní tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn kò bára mu: ọnà tó wá láti ọwọ́ ọ̀tún fi díẹ̀ ga ju ti ọwọ́ òsì lọ. Bọ́tìnnì kejì já lára aṣọ ọmọ ti ọ̀tún, bọ́tìnnì kejì náà ló já lára ti òsì. Mo gbé e tọ ìyá àgbà lọ. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè kí wọ́n tó dáhùn: "Ọmọ kan ṣoṣo ni. Èkejì rẹ̀ ti padà. Onífọ́tò ló bá wa mú un wá."

Gbólóhùn yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń wádìí iṣẹ́ kan tí kò ní orúkọ púpọ̀ lẹ́nu wa: kí a mú fọ́tò méjì, kí a bo apá kan, kí a gé apá kan, kí a sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí ojú yóò fi gbà pé nǹkan kan ni òun ń wò. Kámẹ́rà ti ṣe tirẹ̀ tán kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù ni ọwọ́, sísọ́ọ̀sì, bébà dúdú àti sùúrù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tò ìbejì ni iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù. Ní ìlú àwọn òyìnbó, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to fíìmù oníméjì ni, èyí tí a ń fi awò wò kí àwòrán lè yọ síta bí ohun tí a lè nawọ́ kàn. Mo fẹ́ gbé àwọn méjèèjì yẹ̀wò pọ̀, nítorí ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn, àti nítorí pé ẹ̀rí iṣẹ́ tiwa ń jẹrà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì káàkiri Èkìtì.

Ká ti ọ̀dọ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Dókítà Nylander ṣe ìwádìí ní Igbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1960, bíi ìbejì 45 ló rí nínú ìbí 1000, nígbà tí ti Yúróòpù kò ju bíi 10 sí 13 lọ. Ibi tí ejìrẹ́ ti ń ya ilé tó báyìí, tí ikú ọmọdé kò sì dẹwọ́, kò sí agbolé tí kò mọ ọ̀fọ̀ ìdajì. Bí ọ̀kan bá lọ, Ifá lè ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún un. Ìyá á máa wẹ ère náà, á máa fún un ní ẹ̀wà àti epo, á máa pọ̀n ọ́n. Agbẹ́gilére kò wọ́n wa ní agbègbè yìí: Agbọ́nbíọ̀fẹ́ wà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹni tó gbẹ́ òpó ààfin lẹ́yìn tí iná jó o ní 1912, Ọlọ́wẹ̀ wà ní Ìsẹ̀, Arẹógun wà ní Ọ̀sì lókè lọ́hùn-ún, ọmọ rẹ̀ Bándélé sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kò lè pọn ère lọ síbẹ̀. Fọ́tò ló gba ipò yẹn. Kò sí àlùfáà tó lè bá a wí pé ó gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ kọ́ sára ògiri.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà rèé. Bí ìbejì náà bá jẹ́ obìnrin méjì tàbí ọkùnrin méjì, èyí tó kù nìkan ni onífọ́tò yóò yà, lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí ohunkóhun má baà tú àṣírí. Iṣẹ́ ńlá kù sí dáàkùrúùmù. Lábẹ́ iná pupa, níbi tí bébà fọ́tò kò ti lè ríran, yóò fi bébà dúdú bo ìdajì, yóò tan ìmọ́lẹ̀ gba inú nẹ́gẹ́tíìfù sórí ìdajì kejì, yóò máa kà á lẹ́nu: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Yóò pa iná. Yóò gbé bébà dúdú náà sórí apá tó ti rí ìmọ́lẹ̀, yóò sún bébà fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́, yóò tún kà á, iye kan náà, láìfi ẹyọ kan dín. Lẹ́yìn èyí ni yóò ri í sínú omi kẹ́míkà. Ẹni tó bá dúró tì í nígbà náà yóò rí ohun tí n kò mọ ibòmíràn tí a ti lè rí i: ọmọ méjèèjì á yọ pọ̀ nínú omi ní ìṣẹ́jú kan náà. Kò sí Táyé, kò sí Kẹ́hìndé.

Ilà àárín ni ìdánwò. Bí bébà dúdú bá fi bí ìbú okùn kọjá ibi tó yẹ, ibì kan á wà tí ìmọ́lẹ̀ kò dé rárá, ilà funfun ni yóò ṣẹ́ kù. Bí kò bá dé ibẹ̀ tán, ìmọ́lẹ̀ á kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ilà náà á sì dúdú. Àwọ̀ ilà ló ń sọ ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀. Funfun ni ti inú fọ́tò ilé wa, ó túmọ̀ sí pé onífọ́tò náà bò ó jù. Àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa a máa jẹ́ kí ilà náà bọ́ sórí ìṣẹ́po kọ́tìnnì, tàbí kí wọ́n fi pẹ́ńsù ṣe é títí yóò fi wọlé.

Èyí tó le jù ni ti ìbejì akọ àti abo. Wọn á wọ ọmọ tó kù ní aṣọ ọkùnrin, wọn á yà á; wọn á wọ̀ ọ́ ní aṣọ obìnrin, wọn á tún yà á. Nẹ́gẹ́tíìfù méjì ni èyí, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì yí padà láàárín ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ, ọ̀kan á fúyẹ́, ọ̀kan á ki, iye tí a ó kà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú dáàkùrúùmù kò ní dọ́gba. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ sún, àpótí kò gbọdọ̀ sún, ọmọ kò sì gbọdọ̀ yí ọrùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n ní kó ṣe ara rẹ̀, kó tún ṣe àbúrò rẹ̀ tó ti kú, kó má sì mira.

Àwọn onímọ̀ ti kọ nípa rẹ̀, kò sì pọ̀ tó. Marilyn Houlberg ló kọ́kọ́ fi ojú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn African Arts kan ọ̀rọ̀ náà ní 1973, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ère àti àwòrán ìbejì. Èyí tí mo kà sí òpómúléró ni ti Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onífọ́tò, ẹni tó wá sí Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, tó sì tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1978. Ìlá kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ti Ayétòrò gba ìwọ̀-oòrùn ń lọ síbẹ̀ ni. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ Sprague dára ni pé ó wọ inú sítúdíò, ó wo bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kò sì pe àwọn onífọ́tò wa ní ẹni tó ń sín òyìnbó jẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 2008, Angelo Micheli tọpasẹ̀ fọ́tò oníméjì káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì fi hàn pé àwọn tí kì í ṣe ìbejì pàápàá, ọ̀rẹ́ méjì, ìyàwó méjì, ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì, ń fẹ́ fọ́tò tó dà bí ti ìbejì. Ibi tí mo ti rí àléébù nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ni pé ojú àwòrán ni wọ́n ń tẹjú mọ́. Ọwọ́ tó di bébà dúdú náà mú kò gba ju ìpínrọ̀ kan tàbí méjì lọ.

Àwọn kan ti bi mí bóyá irọ́ kọ́ ni. Mo gbà pé kì í ṣe irọ́, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ń tàn jẹ. Ìyá mọ̀, ọmọ mọ̀, gbogbo agbolé mọ̀. Ohun tí onífọ́tò ṣe ni ohun tí agbẹ́gilére ń ṣe: ó dá èkejì padà sí ipò rẹ̀. Robert Farris Thompson, onímọ̀ ọnà kan, nígbà tó ń bi àwọn Yorùbá léèrè ohun tí ń mú kí ère dára, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà jíjọra lẹ́nu wọn, ó sì gbé e jáde ní 1973. Ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn, kò sì gbọdọ̀ jọ ọ́ jù. Ojú àgbà ni wọ́n ń gbẹ́ fún ìbejì tó kú ní ìkókó.

Ọ̀rọ̀ jíjọra yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó. Ní 1838, Charles Wheatstone ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ojú wa méjèèjì kì í rí ohun kan náà. Nǹkan bíi mílímítà 65 ló wà láàárín ẹyinjú méjì, nítorí náà ojú òsì ń rí díẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ òsì nǹkan, ojú ọ̀tún ń rí díẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọpọlọ ló ń so méjèèjì pọ̀, inú ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló sì ti ń mọ èyí tó wà nítòsí àti èyí tó jìnnà. Bí a bá ya àwòrán méjì láti ibi méjì bẹ́ẹ̀, tí a sì fún ojú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àwòrán pẹlẹbẹ á ní inú. David Brewster ṣe awò onígíláàsì fún un ní 1849, Oliver Wendell Holmes ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tó rọjú ní 1861, ó sì wọ pálọ̀ gbogbo ènìyàn. Àwọn tó lọ sí ilé-ìwé láyé àtijọ́ tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n lókè òkun lè rántí View-Master, tí páálí roboto rẹ̀ ní àwòrán 14 fún ìran méje. Ọdún 1939 ni ìyẹn jáde.

Ìbátan kan wà láàárín awò yẹn àti sítúdíò wa tí inú mi dùn gan-an láti rí. Kámẹ́rà olójú méjì, Yashica, Rolleiflex, Lubitel, tí àwọn onífọ́tò wa ń gbé kọ́ àyà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń tẹrí ba wo orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wo inú kànga, ọmọ kámẹ́rà ìbejì ni. Ilé-iṣẹ́ Franke àti Heidecke ní Braunschweig, ní Jámánì, kọ́kọ́ ṣe Heidoscop ní 1921 àti Rolleidoscop ní 1926. Ojú mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: méjì ń ya àwòrán oníméjì, ti àárín ni onífọ́tò fi ń wò. Ní 1929 wọ́n yọ ojú kan kúrò, wọ́n gbé èyí tó ń wò sórí èyí tó ń yà, Rolleiflex sì dé. Láti ara rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn yòókù ti jáde. Kámẹ́rà tí a fi ń ya ìbejì, èkejì rẹ̀ ló ti lọ.

Àwọn tó ṣì ń ṣe àwòrán oníméjì lórí fíìmù ńlá lónìí, Rolleidoscop àtijọ́ tàbí Sputnik ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Fíìmù 120 tí a mọ̀ ní sítúdíò wa náà ni Sputnik ń jẹ: ìran méjìlá ni Yashica ń rí nínú rẹ̀, ìbejì mẹ́fà ni Sputnik ń rí. Fíìmù sláìdì ni wọ́n ń fi sí i, èyí tí àwòrán inú rẹ̀ kì í yí dúdú sí funfun, tí a ń gbé sí ìmọ́lẹ̀ wò bó ṣe rí.

Títò rẹ̀ ni iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì. Fíìmù ti gbẹ, ó tẹ́ sórí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ká bíi ewé iyán. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò tan ẹni tí kò mọ̀ jẹ ni pé lẹ́nsì ti dojú àwòrán dé. Bí a bá yí fíìmù náà kí orí lè wà lókè, àwòrán ojú òsì ti bọ́ sí ọ̀tún, ti ọ̀tún ti bọ́ sí òsì. Ẹni tó bá tò ó bẹ́ẹ̀ yóò rí ayé ní òdì: òkè á súnmọ́ ọn, igi iwájú á sá lọ sẹ́yìn. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ gé wọn sọ́tọ̀, kí a sì pààrọ̀ ipò wọn. Àwa tí a mọ̀ pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Àmì ni wọ́n ń fi sí etí fíìmù kí wọ́n tó gé e, bíi lẹ́tà Ọ fún ọ̀tún, nítorí lẹ́yìn tí sísọ́ọ̀sì bá ti kọjá, kò sí ohun tí yóò tún sọ èyí tó jẹ́ Táyé.

Lẹ́yìn náà ni férémù. Páálí tàbí ike tó fẹ̀ tó mílímítà 132, tó ga tó 80, tó ní ihò méjì. Ihò yẹn kéré ju fíìmù lọ díẹ̀, ohun tó bò ni bébà dúdú onífọ́tò tiwa. Kì í kàn ń dí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́. Bí ojú bá ti so ihò méjèèjì pọ̀, wọ́n á di fèrèsé kan, a ó sì máa ti inú ilé wo ìta. Gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán gbọ́dọ̀ dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé náà. Bí ẹ̀ka igi kan bá yọ síwájú rẹ̀, tí etí férémù sì gé e, ọpọlọ á takú: báwo ni ohun tó wà lẹ́yìn ṣe gé ohun tó wà níwájú? Orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kó rí, kó dúró sídìí fèrèsé ilé rẹ̀, kó di ojú ọ̀tún. Ojú òsì á rí púpọ̀ sí i ní ọwọ́ ọ̀tún ìta. Kó di òsì, ojú ọ̀tún á rí púpọ̀ sí i ní ọwọ́ òsì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fíìmù méjèèjì gbọ́dọ̀ rí nínú férémù.

Èyí tó burú jù ni gíga. Bí orí òrùlé bá wà ní ibì kan nínú àwòrán òsì, tó sì fi ìdajì mílímítà ga jù nínú ti ọ̀tún, ojú kan á máa wòkè, èkejì á máa wolẹ̀. Ẹní ilé wa tí ọnà rẹ̀ kò bára mu, àṣìṣe yìí náà ni. Nínú fọ́tò ìbejì, ó kàn ń tú àṣírí. Nínú awò, ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Mo dán ohun kan wò. Mo fi fóònù ya fọ́tò ìbejì ilé wa, mo gbé e sínú páálí awò tí wọ́n ń ti fóònù bọ̀, irú èyí tí Google mú jáde ní 2014, kí ọmọ kan lè bọ́ sí ojú kan. Àwọn méjèèjì so pọ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní láti rí bẹ́ẹ̀: nẹ́gẹ́tíìfù kan náà ni, kò sí ìyàtọ̀ kankan tí ọpọlọ lè fi gbẹ́ inú fún un. Àwòrán tí awò ń fẹ́ gbọ́dọ̀ jọra, kò sì gbọdọ̀ jọra tán. Mo jókòó fún ìgbà pípẹ́, mo ń wo ọmọ kan yẹn. Ìyá àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ lónìí kò nílò Sputnik. Kó ya ìkan, kó sún ẹsẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, kó ya ìkejì. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni ìdá kan nínú 30 jíjìn ohun tó súnmọ́ ọn jù: bí ó bá wà ní mítà méjì, sún bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà àti ààbọ̀. Òpó ààfin Ẹ̀fọ̀n yóò dúró dè ọ́. Omi Ìkógòsì, níbi tí gbígbóná àti tútù ti ń pàdé, kò ní dúró. Kí o tó sún ẹsẹ̀, omi tí o kọ́kọ́ yà ti lọ, ojú kan á rí ìṣàn tí èkejì kò rí. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà olójú méjì tòótọ́ ti ń gba owó rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú kan náà ni yóò mú méjèèjì.

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí. Nígbà tí ilé ìfọfọ́tò aláwọ̀ gbòde, tí kámẹ́rà oní-dígítà sì tẹ̀ lé e, dáàkùrúùmù kú. Lónìí kọ̀ǹpútà ń gbé orí olóògbé sórí kóòtù ẹlòmíràn fún pátákó òkú, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi kò bá a jà. Ṣùgbọ́n nẹ́gẹ́tíìfù tí a fi ṣe fọ́tò ìbejì ń lọ pẹ̀lú àwọn tó ni wọ́n. Ọmọ jogún ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ fi ta káàdì ìpè, ó kó páálí sórí ààtàn. Èyí tí kò lọ sí ààtàn, ooru ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ń dán an wò ní ilé-ìwádìí sọ pé fíìmù asítéètì tó wà ní ooru ìwọ̀n 21 àti ọ̀rinrin ìdá 50 nínú 100 máa lo bíi 40 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan, kó sì ká jọ. Yàrá wo ní Èkìtì ni ooru rẹ̀ wà ní 21? Fíìmù tí wọ́n yà ní 1975 ti kọjá ọjọ́ rẹ̀.

Ó ṣeé gbà là. Nẹ́gẹ́tíìfù onífọ́tò S. O. Alonge ti Ìbíní wà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, wọ́n sì fi ṣe àfihàn ní 2014. Ní Mbouda, ní Cameroon, owó láti Ibi-Ìkówèé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀dà ti sítúdíò Jacques Toussele. Ó wù mí kí tiwa má lọ sí Washington kó tó rí ẹni mọyì rẹ̀. Yunifásítì wà ní Adó, òmíràn wà ní Ọ̀yẹ́.

Nítorí náà, ìwọ tí bàbá rẹ ṣe onífọ́tò ní Ìjerò, ní Àrámọkọ, ní Ìdó, ní Ẹ̀fọ̀n tàbí níbikíbi: má jó páálí yẹn. Bí ó bá ti ń rùn bí ọtí kíkan, yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù lónìí. Yọ wọ́n kúrò nínú nílọ́ọ̀nù, fi bébà lásán dì wọ́n níkọ̀ọ̀kan, gbé wọn kúrò nílẹ̀ àti lábẹ́ páànù. Bí bàbá rẹ bá wà láyé, béèrè lọ́wọ́ wọn ta ni wọ́n yà, ọdún wo ni, kí o sì kọ ọ́ sára bébà náà pẹ̀lú pẹ́ńsù. Bí o bá rí nẹ́gẹ́tíìfù ọmọ kan tó jókòó nìkan, tí o sì rántí fọ́tò ọmọ méjì tó jáde láti inú rẹ̀, kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ìyá àgbà ti lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò sì tíì rí nẹ́gẹ́tíìfù tiwa.